Ewé Tábà Tí Mo Já ní Katy

Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí fáàsì, ẹ̀rọ tó ń gba ojú wáyà fóònù fi ìwé ránṣẹ́, ṣì ń han ní gbogbo ọ́fíìsì, afẹ́fẹ́ ni mo ń ṣọ́ jẹun ní Houston. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará wa ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í rín. Nọ́ọ̀sì ni àwọn kan nínú wọn, àwọn kan jẹ́ ẹnjiníà, àwọn kan ń ṣòwò. Iṣẹ́ tí wọ́n lè júwe fún ìyá wọn lórí fóònù ni gbogbo wọn ń ṣe. Èmi ni wọ́n gbà síṣẹ́ pé kí n máa wo ibi tí atẹ́gùn ń lọ, kí n sì sọ ohun tó gbé dání.

Ọ́fíìsì wa ò tóbi. Yàrá mẹ́ta ni, lókè ilé alájà kan ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú, níbi tí ariwo ọkọ̀ lójú fíríwéè kì í ti í dákẹ́. Ọ̀gá mi, òyìnbó arúgbó kan tó ti bá àwọn ológun ṣiṣẹ́ ojú ọjọ́ nígbà èwe rẹ̀, ló dá a sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ojú omi àti àwọn tó ń wa epo lójú òkun la kọ́kọ́ ń sọ ojú ọjọ́ fún. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tábà kan wá láti òkè lọ́hùn-ún, lápá Kentucky, wọ́n ní kí ó bá àwọn ṣọ́ àrùn kan tó ń bá afẹ́fẹ́ rìn. Ọ̀gá mi ò mọ ewé tábà yàtọ̀ sí ewé ẹ̀fọ́. Lọ́jọ́ tí mo wá wáṣẹ́, ó bi mí ohun tí bàbá mi ń ṣe. Mo ní àgbẹ̀ tábà ni ní Òkè-Ògùn. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ọjọ́ wo lo lè bẹ̀rẹ̀?”

Búlúù móòdù ni àwọn òyìnbó ń pe àrùn náà. Àrùn aláró ni èmi ń pè é nínú ọkàn mi, nítorí pé bí ó bá ti mú ewé, ojú ewé á pọ́n níbi kan níbi kan bí ìyeyè, abẹ́ rẹ̀ á sì hu ìyẹ̀fun kan tó dà bí aró tó ti ṣá. Ó jọ ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ní wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Wọ́n ní àwọn ewé wẹ́wẹ́ inú omi ló bá tan. Ìyẹ̀fun yẹn ni irúgbìn rẹ̀. Ó fúyẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ lè gbé e láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Bí oòrùn bá ràn sí i lójú ọ̀nà, ó kú. Bí ìkùukùu bá bò ó, tí òjò winniwinni fọ̀ ọ́ sílẹ̀ sórí oko ẹlòmíràn, oko náà ti gbàlejò.

Láràárọ̀, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn á pè wá pé àwọn ti rí àrùn ní oko báyìí. Mo máa gún abẹ́rẹ́ olórí pupa mọ́ ibẹ̀ lára máàpù. Mo máa wo bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe fẹ́ láti ibẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ibi tí ìkùukùu yóò wà, ibi tí òjò yóò bọ́ sí. Mo máa fa ìlà, mo máa kọ ọ́ pé ewu ń bọ̀ ní apá báyìí, kí wọ́n fín oògùn. Pé kò séwu ní apá báyìí, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, fáàsì ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àléébù kan wà nínú iṣẹ́ náà tí mi ò tètè fiyè sí. Ohun tí wọ́n bá sọ fún wa nìkan la mọ̀. Bí ẹnì kan bá rí àrùn lóko rẹ̀ tó sì panu mọ́, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ìlà.

Ní ọdún kẹta tí mo débẹ̀, ní ìparí oṣù karùn-ún, fóònù dún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Àgbẹ̀ kan ni, láti Kentucky. Kò kí mi.

“Ṣé ìwọ lo kọ ìwé tó ní kò séwu lọ́dọ̀ wa?”

Mo ní èmi ni.

“Ó dáa. Àrùn ti wà lóko mi. Gbogbo apá kan ló ti mú. Ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, mo fọkàn balẹ̀.” Ó wá ní, “Ọmọ ibo tiẹ̀ ni ọ́?”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàlàyé bí ewé ṣe rí. Ó ti gbé fóònù sílẹ̀.

Mo fa gbogbo ìwé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn jáde. Mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kọjú sí oko ọkùnrin yẹn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, oko méjì mìíràn ládùúgbò rẹ̀ ti ké gbàjarè, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sì ti pe ọ̀gá mi.

Ọ̀gá mi kì í pariwo. Kò pariwo lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ó kàn wọlé tọ̀ mí wá, ó jókòó sí etí tábìlì mi, ó mú ìwé tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́, ó ń kà á bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

“Máàpù òwúrọ̀ lo lò àbí ti àná?”

“Ti òwúrọ̀ ni, sà.”

“Ó dá ọ lójú?”

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìwé tí mo bá kọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá. Kò sọ pé òun ò fọkàn tán mi. Bí ó bá sọ ọ́, ì bá sàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ bí òun náà ṣe ń ṣọ́ mi. Bí ó bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń rò ó pé orúkọ mi ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá délé, ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ní ilé iṣẹ́ ìfọpo kan ní Pasadena, á ní, “Kí ló dé tí o ń sọ̀rọ̀ nìkan?” Mi ò mọ̀ pé mo ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, mo dá ọgbọ́n kan. Bí mi ò bá rí ibi tí àrùn ti wá, ẹ jẹ́ kí n mú afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti oko ọkùnrin yẹn, mo ń fa ìlà padà, wákàtí kan tẹ̀ lé òmíràn, síbi tí atẹ́gùn ti wá. Ìlà náà sọ̀ kalẹ̀ láti Kentucky, ó gba Arkansas kọjá, ó gba etí Louisiana, ó wá wọ Texas. Ìkùukùu bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà sí wa rárá. Ìwọ̀ oòrùn Houston ni.

Mo gbé e lọ fún ọ̀gá mi. Ó wò ó pẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Tábà igbó kan wà ní apá ibi àpáta lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún yìí, ara rẹ̀ mọ́. Ta ló ń gbin tábà ní Houston? Ilé àti títì ló wà níbẹ̀.”

Mo ká máàpù mi, mo padà sáyè mi.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi lọ ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí wa ní Stafford. Nígbà tó dé, ó yọ ike kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀, irú ike dúdú tí fíìmù kámẹ́rà máa ń wà nínú rẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ó ṣí i, ó fi ìka méjì bu nǹkan kan níbẹ̀, ó fà á símú, ó sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní, “Àlìhámdùlíláì!”

“Kí lẹ kó wálé yìí?”

“Aṣáà ni. Bàbá kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Katy ló fún mi. Bàbá yẹn dáa. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn làwọn fi lọ̀ ọ́.”

“Níbo ni wọ́n ti rí ewé?”

Ó wò mí. “Ṣé ọlọ́pàá ni ọ́ ni? Aṣáà ni mo ní, mi ò ní kokéènì.”

Mo gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn abà bàbá mi ló bá mi nínú pálọ̀ wa, ní àsìkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ewé kọ́ sókè tí iná ń rú lábẹ́ rẹ̀. Ewé yìí ò tíì pẹ́ nílẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹnì kan gbé wá láti ilé lọ́dún tó kọjá. Ẹnì kan gbìn ín, ó já a, ó sá a, ó sì lọ̀ ọ́, níhìn-ín.

Mo wọ yàrá lọ wo máàpù mi. Orí ìlà yẹn gan-an, ní ìwọ̀ oòrùn Houston, ni Katy wà.

Ó yẹ kí inú mi bàjẹ́, nítorí bàbá àgbàlagbà ni mo ń fura sí. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo ti rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo se mọ́ínmọ́ín, mo wakọ̀ lọ sí Katy. Ọkọ mi wà níṣẹ́. Mo ní kó bá mi pè wọ́n pé mo fẹ́ wá kí wọn, pé aṣáà tí wọ́n fún òun dùn mọ́ òun nínú. Àdúgbò tuntun ni wọ́n wà. Ilé gbogbo jọra wọn, igi iwájú ilé ò tíì ga ju èèyàn lọ. Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti lọ síbi iṣẹ́, bàbá nìkan ló wà nílé. Wọ́n ga, wọ́n rù, wọ́n wọ búbá àti súwẹ́tà nínú ooru yẹn nítorí ẹ̀rọ amúlétutù.

“Asàláámù àlékúmù, bàbá. Ẹ kú ilé o.”

“Wà àlékúmù sàláámù. Ìwọ ni ìyàwó rẹ̀?” Wọ́n gba abọ́ mọ́ínmọ́ín, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọn ò ṣí i. “Òun ò bá ọ wá?”

“Ó wà níṣẹ́, sà.”

“Iṣẹ́ wo ni ìwọ ń ṣe?”

“Iṣẹ́ ojú ọjọ́ ni, bàbá. Mo ń sọ ìgbà tí òjò máa rọ̀.”

“Ta lò ń sọ ọ́ fún?”

“Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdajì òótọ́ ni.

“Ìjọba ńkọ́?”

“Rárá o, bàbá. Iṣẹ́ aládàáni ni.”

Wọ́n mi orí. Ojú wọn ò kúrò lára báàgì mi. “Nílùú yìí,” ni wọ́n wí, “ẹni tó bá ń bi èèyàn ní ìbéèrè, ìwé kan wà níbì kan tó ń kọ ìdáhùn sí.”

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá tún bèèrè nǹkan kan, wọ́n máa sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ni mo bá fi bàbá mi tan wọ́n. Mo ní nígbà tí mo gbóòórùn aṣáà wọn, bàbá mi ni mo rántí. Mo ní àgbẹ̀ tábà ni bàbá mi, pé èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi la máa ń fi okùn so ewé mọ́ ọ̀pá kí wọ́n tó gbé e sínú abà.

“Níbo?”

“Òkè-Ògùn, sà.”

“Ìlú wo ní Òkè-Ògùn?”

Mo dá orúkọ ìlú wa. Wọ́n bi mí orúkọ odò tó wà lẹ́yìn ìlú, mo sọ ọ́. Wọ́n dìde.

“Dìde, wá wo nǹkan.”

Ẹ̀yìnkùlé wọn ò fẹ̀. Àgbàdo ni wọ́n gbìn síwájú, tó bo gbogbo rẹ̀ lójú. Lẹ́yìn àgbàdo, lẹ́bàá ọgbà onípákó tó yí ilé ká, ni tábà wà. Mo kà á: méjìlélógún. Ewé wọn gbòòrò, wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, mi ò tíì rí oko tábà tó jẹ́ ti èèyàn wa, àyà mi sì já, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ tí mo wá ṣe.

“Irúgbìn ìyá mi ni,” ni bàbá wí. Ohùn wọn ti yí padà. “Ìyá mi ló ń gbìn ín, èmi náà gbìn ín. Nígbà tí ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ níhìn-ín, mo rán an mọ́ etí fìlà. O mọ̀ ọ́n, eruku lásán ni irúgbìn tábà. Àwọn tó ń tú ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n gba iṣu mi, wọ́n gba ẹja mi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà wá gé kúrú, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ohun tí ẹnu ara wọn sọ. “Àmọ́ kò sẹ́ni tí mo ń tà á fún o. Mo kàn ń fi ṣe aṣáà tèmi ni.”

“Mo mọ̀, bàbá.”

Fóònù dún nínú ilé. Wọ́n ní kí n dúró, ọmọ àwọn ló máa ń pè lákòókò yẹn láti mọ̀ bóyá àwọn ti jẹun. Bí wọ́n ti wọlé ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo yí ewé kan sókè lábẹ́ òjìji ọgbà. Ojú rẹ̀ ní àmì, ó pọ́n níbi mẹ́ta mẹ́rin. Mo wo abẹ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun wà níbẹ̀. Ó funfun díẹ̀, ó fẹ́ jọ aró, ó fẹ́ má jọ ọ́. Mo já ewé náà, mo fi gèlè mi wé e, mo tì í sínú báàgì.

Nígbà tí wọ́n jáde, mo ti nàró, mo ń yin àgbàdo wọn. Wọ́n fún mi ní aṣáà sí i kí n tó lọ. Mo gbà á. Wọ́n sìn mí dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo ń ṣe àmín.

Ní ọjọ́ Ajé, mo tẹ́ ewé náà sórí tábìlì ọ̀gá mi. Mi ò tíì rí i kí ara rẹ̀ yá gágá bẹ́ẹ̀ rí.

“Níbo?”

“Katy.”

“Ilé ta? Fún mi ní àdírẹ́sì, kí n pe àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ kí wọ́n lọ wú u.”

Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí ohun tí mo ṣe. Bí àwọn yẹn bá dé ẹ̀yìnkùlé bàbá, ìbéèrè kìíní tí wọ́n máa bi wọ́n ni ibi tí irúgbìn ti wá. Bàbá arúgbó tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

“Ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ewé wò ná,” ni mo wí. “Bí ó bá jẹ́ òun, màá fún yín ní àdírẹ́sì.”

“Ìwọ fúnra rẹ lo gbé e wá. Ìwọ lo ní òun ni.”

“Ó dà bíi pé òun ni, sà. Mi ò ní ó dá mi lójú.”

Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. “Ará ilé yín kan ni, àbí?”

“Kì í ṣe ará ilé mi.”

“Ọmọ ìlú yín ni.”

Mo mú ewé náà kúrò lórí tábìlì rẹ̀, mo fi bébà wé e. A fi ewé náà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò yunifásítì kan. Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Ojoojúmọ́ ni ọ̀gá mi ń bi mí ní àdírẹ́sì, ojoojúmọ́ ni mo ń ní èsì ò tíì dé. Lọ́jọ́ kan, mo dé láti ibi oúnjẹ ọ̀sán, mo rí i pé ẹnì kan ti ṣí ìwé tí mo máa ń kọ nọ́ńbà fóònù sí, ó dojú dé. Bóyá èmi ni mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ títí dòní. Mo mú un lọ sílé, mi ò sì gbé e padà wá mọ́. Mi ò sọ nǹkan kan fún ọkọ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé mo fi orúkọ rẹ̀ wọlé ẹni ẹlẹ́ni lọ jí ewé?

Ọjọ́ Ẹtì ni èsì jáde lẹ́nu fáàsì. Mo dúró tì í, mò ń kà á bó ṣe ń jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kì í ṣe àrùn aláró. Wọ́n ní àmì ojú ewé náà, àìsàn ewé kan tí kì í rìn jìnnà ló fà á. Wọ́n ní ìyẹ̀fun abẹ́ rẹ̀, eérú igi ni.

Eérú. Mo jókòó. Bàbá mi ń da eérú sábẹ́ ewé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nítorí kòkòrò. Ta ló ń gbé igbá eérú tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn láti ebè dé ebè? Èmi ni. Èmi ọmọ àgbẹ̀ tábà, mo rí eérú, mi ò mọ eérú, nítorí pé àrùn ni mo ń wá.

Mo gbé èsì náà lọ fún ọ̀gá mi. Ó kà á, ó fi sílẹ̀. Bóyá ó rò ó pé mo fi ewé mìíràn ránṣẹ́. Ojú rẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni òótọ́ jáde, kò sì ti ẹnu afẹ́fẹ́ jáde. Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan ní àdúgbò ọkùnrin tó jágbe mọ́ mi lórí fóònù ló pè wá. Ó ní òun ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin yẹn ra ọmọ tábà tí wọ́n mú hù nínú ilé onírọ́bà níbì kan ní gúúsù, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá fún un, òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ méjì sì pín in gbìn. Àrùn ti wà lára rẹ̀ kó tó dé. Ó ti rí i lára ewé lọ́jọ́ tí wọ́n já a sílẹ̀, ó sì panu mọ́, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ló gbé e wọ àdúgbò. Ó sàn fún un kí ó jẹ́ afẹ́fẹ́. Ó sàn fún un kí ó jẹ́ èmi.

Ìlà tí mo fà wá sí Houston, ìlà lásán ni. Afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ lóòótọ́. Kò gbé nǹkan kan.

Ọ̀gá mi wá sí ẹnu ọ̀nà mi. “Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ,” ló wí. Ó fọwọ́ nu ojú férémù ilẹ̀kùn bí ẹni pé eruku wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò yẹ ìwé mi wò mọ́. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn ní ti ẹ̀bẹ̀, mo sì gbà á.

Ó ku tèmi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ìdí nìyẹn tí bàbá ò fi wá sí Stafford mọ́.” Kò sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n kò bá mi lọ sí Katy. Ó ní èmi tí mo dá nìkan lọ nígbà kìíní, kí n dá nìkan lọ.

Ọmọ bàbá ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. “Ẹ̀yin ni,” ló wí. Kò ní kí n wọlé, kò sì ní kí n má wọlé. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bàbá jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, láti orí fóònù ọkùnrin Kentucky dé orí eérú. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, “Mo rí ọ.”

“Sà?”

“Ojú fèrèsé ni fóònù wà. Mo rí ọ nígbà tí o já a. Mo ní kí n wò ó bóyá o máa sọ fún mi. O yin àgbàdo.” Wọ́n nasẹ̀ díẹ̀. “Bí o ti lọ ni mo wú u. Gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi bá mi dì í sínú àwọn àpò dúdú, ọkọ̀ ìdọ̀tí gbé e lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo da èyí tó kù nínú fìlà sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo fomi fọ̀ ọ́ lọ.”

“Bàbá…”

“Mo rò pé àwọn ìjọba ló rán ọ wá. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n torí tábà dá wàhálà sílẹ̀ fún ọmọ mi.”

Ọmọ wọn dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ pọ́n. Mi ò lè wò ó. Mo bẹ̀bẹ̀ títí ẹnu mi fi gbẹ. Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n ní Ọlọ́run á forí jì gbogbo wa. Nígbà tí mo dìde, wọ́n ní, “O ì bá bi mí. Ọmọ àgbẹ̀ tábà ni ọ́. Ká ní o bi mí pé, bàbá, kí ni nǹkan abẹ́ ewé yìí, màá sọ fún ọ.”

Èrò mi ni pé kí n kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi nílé pé kó wá irúgbìn tábà ránṣẹ́ fún bàbá. Mo kọ ọ́ dé ìdajì, mo fà á ya. Ṣíṣọ́ ọ̀nà tí ewé aláìsàn ń gbà wọ̀lú ni iṣẹ́ mi. Mi ò lè máa ṣọ́ iwájú kí n máa gba ẹ̀yìn wọlé. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lo aṣáà inú agolo tí wọ́n ń tà ní ilé epo. Ọkọ mi ní wọ́n ní ó dà bí ata tí kò níyọ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kí n tó fa ìlà kankan, mo máa ń bi àgbẹ̀ tó bá pè wá pé, “Níbo ni ọmọ tábà yín ti wá?” Àwọn kan á dáhùn, àwọn kan á bínú. Mo máa ń tẹ́tí sí ìdákẹ́jẹ́ tó bá ṣáájú ìdáhùn.

Ọdún yẹn náà ni bàbá ní òtútù ẹ̀rọ ti sú àwọn, àwọn fẹ́ padà sílé. Ọmọ wọn wà níṣẹ́ lọ́jọ́ ìrìn àjò, ó wá ní kí ọkọ mi bá òun gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Mo bá wọn lọ. Ní ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, ọkọ mi lọ béèrè nǹkan kan, ó ku èmi àti bàbá. Wọ́n gbé báàgì ọwọ́ wọn lé orí kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n tì í sí ọ̀dọ̀ mi.

“Yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Háà, bàbá, kí ni màá yẹ̀ wò?”

“Mo ní kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.”

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni, mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni. Ojú wọn ò sọ ọ́. Àwọn èèyàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo fa síìpù báàgì náà. Búbá méjì ló wà nínú rẹ̀, tẹ̀súbà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fọ́tò àwọn ọmọ ọmọ wọn, àti ṣokoléètì tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ará ilé. Mo tún fa síìpù rẹ̀ pa.

“Ṣé ó dáa?” ni wọ́n bi mí.

“Ó dáa, sà.”

“O ṣeun,” ni wọ́n wí, wọ́n sì gba báàgì wọn.